Ìwọ Ni Ẹnì Kẹwàá

Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn lálẹ́, Bàbá á ké láti inú yàrá pé, "Ta nìyẹn?" Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwa ọmọ ló wà níta, a kì í ní èsì méjì: "Èmi ni." Bàbá á tún ké: "Ìwọ ta? Ṣé o ò lórúkọ ni?" Ìgbà tá a bá dárúkọ tán ni wọ́n tó máa ń ṣílẹ̀kùn. Mo dàgbà, mo di tíṣà, mo sì gbà pé Bàbá ló jàre: ẹni tó bá ní "èmi ni" kò tíì sọ nǹkan kan. Ìlú Chennai, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, ni mo ti kọ́kọ́ rò ó pé ó lè jẹ́ pé àwa ọmọ la sọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ́jọ́ wọ̀nyẹn.

Oṣù kejì ọdún 2015 ni mo sin ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n nígbà náà, èmi jẹ́ ẹni ọdún 51. Àwọn ni wọ́n tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè wọ́n lẹ́nu, ìyá ni wọ́n jẹ́ lọ́kàn mi. Ọ̀kan nínú àwọn fáàfù tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn wọn ti gan, kò ṣí tán mọ́. Bí wọ́n bá rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn ọmọ wọn mẹ́rin dáwó jọ. Nígbà tó kan ẹni tó máa tẹ̀lé wọn, àkọ́bí wọn sọ lórí fóònù pé, "Àǹtí Tíṣà ló lè lọ, wọn ò sá lọ́mọ nílẹ̀." Kò fi bú mi o. Òótọ́ ni. Mi ò bímọ, ọkọ mi sì ti kú láti ọdún 2003. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé láàárín wa mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bọ́ sí lára obìnrin. Àwọn ẹgbẹ́ mi ni Ìyá Báyọ̀, Ìyá Fúnkẹ́, Ìyá Ìbejì. Èmi ni Tíṣà. Bí mo bá wá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kí ni wọ́n á máa pè mí?

Nítòsí ọsibítù ibẹ̀, àwọn onílé máa ń fi yàrá háyà fún aláìsàn tó ti òkè òkun wá. Ilé tá a wọ̀ jẹ́ ti ìyá àgbàlagbà kan, opó bíi tèmi, ẹni tó ti fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní èdè Sanskrit nílé ìwé kí ó tó fẹ̀yìn tì. Amma ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìyá ló túmọ̀ sí lédè Tamil. Lọ́jọ́ tá a dé, mo kúnlẹ̀ kí wọn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ṣe máa kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà èyíkéyìí nílé. Wọn ò bá mi ṣe àlejò rárá. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sọ nǹkan kan lédè wọn, mo sì ṣe àmín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ibi ìkúnlẹ̀ yẹn ni a ti mọ ara wa.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n á fọ iwájú ilé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa da ìyẹ̀fun ìrẹsì díẹ̀díẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka méjì, títí ilẹ̀ á fi kún fún ọnà tó yí po tó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kolam ni wọ́n ń pe ọnà náà. Ọ̀sán kì í tíì pọ́n tí ẹsẹ̀ àlejò fi ti tẹ̀ ẹ́ rẹ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mi ò lè sùn. Amma bu kọfí fún mi nínú ife irin kékeré, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tó ń dà mí láàmú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn: ẹ̀gbọ́n mi nìyí, bí nǹkan bá ṣe wọ́n, kí ni màá sọ fún ọmọ wọn mẹ́rin, ọmọ-ọmọ wọn méje, àwọn ọmọ SS3 tí mo fi sílẹ̀ nílé ìwé, tí WAEC ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ èmi ló ń gbọ́ bùkátà ọmọ rẹ̀. Amma gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n wá ní kí n jẹ́ kí àwọn sọ ìtàn kan fún mi, ìtàn tí àwọn olùkọ́ Vedanta, ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ ọgbọ́n àwọn Híńdù, ti fi ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ láti ayé Shankara, olùkọ́ ńlá wọn ayé àtijọ́.

Ọkùnrin mẹ́wàá ló ń rìnrìn àjò, wọ́n sì fẹsẹ̀ la odò tó kún kọjá. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, olórí wọn ní kí òun ka iye wọn kí ó lè mọ̀ bóyá odò kò gbé ẹnì kan lọ. Ó kà: mẹ́sàn-án. Ẹlòmíràn kà: mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn kà á kiri, mẹ́sàn-án náà ni. Ni wọ́n bá figbe ta, wọ́n ń na ara wọn mọ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún ẹni tí odò gbé lọ. Ẹnì kan tó ń kọjá bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n rò fún un. Ojú ẹsẹ̀ ló ti rí i pé mẹ́wàá ni wọ́n. Ó ní kí olórí tún un kà. Ó kà dé mẹ́sàn-án, ó dúró. Ọkùnrin náà wá nàka sí i láyà, ó ní, "Ìwọ ni ẹnì kẹwàá."

Amma ní kí n wò ó dáadáa. Ẹnì kẹwàá kò ti inú odò jáde. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Kò sí nǹkan kan tó wọlé kún ohun tó wà létí odò yẹn, síbẹ̀ ẹkún dá. Ohun tí àwọn baba ńlá wọn ń pè ní moksha, ìtúsílẹ̀, irú ẹ̀ nìyẹn: kì í ṣe ibì kan tí èèyàn ń lọ, kì í ṣe ẹ̀bùn tí wọ́n ń gbé fúnni, èèyàn á kàn mọ ẹni tó ti ń jẹ́ látọjọ́ yìí ni. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ mi, wọ́n wọlé lọ. Mo jókòó síbẹ̀ nìkan. Nínú gbogbo ẹni tí mo kà fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò dárúkọ ara mi. Kì í ṣe alẹ́ yẹn nìkan. Mo wẹ̀yìn wò, mi ò rántí ìgbà tí mo ti ka ara mi mọ́ èèyàn kẹ́yìn.

Iṣẹ́ abẹ náà gba wákàtí márùn-ún, ó sì yọrí. Dókítà jáde, ó rẹ́rìn-ín, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ojú kò tì mí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbà kí n wọlé sí ICU, yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ aláìsàn lójú méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ti lajú. Mo sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu o." Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé:

"Ẹ ṣeun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ta ni?"

Ẹni tó mọ ẹ̀gbọ́n mi yóò mọ̀ pé kì í ṣe "ta ni" ló gún mi lọ́kàn. "Ẹ̀yin" ni. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, wọn ò pè mí ní "ẹ" rí. "Ìwọ Àjíkẹ́," "o ti dé," "gba èyí." Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún mi lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀wọ̀ tí èèyàn ń bù fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Mo ní, "Èmi ni, èmi Àjíkẹ́." Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí Àjíkẹ́ níta, ẹ bá mi sọ fún un kó tètè máa bọ̀. Ó ti yẹ kó ti ilé ìwé dé." Wọ́n wá ń wo ẹnu ọ̀nà, kọjá ejìká mi, wọ́n ń retí mi.

Dókítà ní ó máa ń ṣe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn, pé iyè wọn yóò padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó ní kí n mú awò ojú wọn wá, kí n máa fi èdè wọn bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa rí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Amma lálẹ́, mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Iwájú wọn ni mo dúró sí, èmi náà ni wọ́n sì ní kí n lọ pè wá."

Amma ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú ìwé àjákọ kan jáde tí etí rẹ̀ ti pọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, ẹnì kan ti sọ ọ́ ní Kashmir, ní ìhà àríwá lọ́hùn-ún, láti bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Utpaladeva lorúkọ rẹ̀. Olùjọsìn Shiva, ọlọ́run àwọn Híńdù, ni, akẹ́kọ̀ọ́ Somananda, ó sì kọ àwọn ẹsẹ ọ̀rọ̀ kan lórí ohun tí wọ́n ń pè ní pratyabhijna. Síbi tí iṣẹ́ náà ti ń parí lọ, ó fi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọbìnrin yìí ti gbọ́ ìròyìn ọkùnrin kan, ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn láìtíì fojú kàn án, ó ń ránṣẹ́ pè é, kò sùn, kò wo. Ọkùnrin náà wá. Ó dúró níwájú rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò dá a mọ̀, bí gbogbo ọkùnrin yòókù náà ló ṣe rí lójú rẹ̀, kò sì rí ayọ̀ kankan nínú dídé rẹ̀. Àfìgbà tí ẹnì kan tọ́ka àwọn ìwà àti àmì tó ti ń gbọ́ nípa rẹ̀, ló wá mọ̀ pé ẹni yìí nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ sì kún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Utpaladeva ní, ni Olúwa gbogbo ayé ṣe ń tàn nínú ẹnì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹni náà fúnra rẹ̀, tí a ò sì jàǹfààní rẹ̀, nítorí pé a ò dá a mọ̀.

Wọ́n bi mí bí Yorùbá ṣe ń sọ pratyabhijna. Mo ronú. Mo ní àwa ní "mọ̀," a sì ní "dá mọ̀." Mo lè mọ nǹkan lónìí tí mi ò mọ̀ lánàá, ṣùgbọ́n ohun tí mi ò mọ̀ rí, mi ò lè dá a mọ̀. Amma gbá ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni. Wọ́n ní àpẹẹrẹ tí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ máa ń lò ni kéèyàn rí ọkùnrin kan lójú ọ̀nà kó sì sọ pé, "Devadatta yẹn mà nìyí!" Ẹni àná àti ẹni òní pàdé nínú gbólóhùn kan.

Mo ṣì ní àríwísí. Mo ní bó bá jẹ́ pé nǹkan náà ti wà lọ́wọ́ mi, kí ni mímọ̀ fẹ́ fi kún un? Àgbàdo tí mo bá gbìn á hù, mo mọ̀ ọ́n ní àgbàdo o, mi ò mọ̀ ọ́n o. Amma ní wọ́n ti bi wọ́n léèrè yẹn náà ní Kashmir. Abhinavagupta, tó ṣe àlàyé lórí iṣẹ́ Utpaladeva, dáhùn pé iṣẹ́ méjì ni nǹkan lè ṣe. Èyí tó jẹ́ ti òde, bí èso tó ń hù, kò nílò kí ẹnikẹ́ni dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ ń gbé inú ẹni tó mọ̀ ni, bí kò bá dá a mọ̀, kò sí. Mo rántí ojú ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe kọjá ejìká mi lọ sẹ́nu ọ̀nà, mi ò sì tún jiyàn mọ́ lálẹ́ yẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni. Lójoojúmọ́ mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mo fi awò ojú wọ̀ wọ́n, mò ń sọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ọdún tá a wà ni 1971. Wọ́n ní ilé Bàbá la wà. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì ọmọ Tamil ní orúkọ ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti kú. Ọjọ́ kejì ni nǹkan kan là sí mi. Wọ́n ti gbàgbé ọdún, wọ́n gbàgbé ìlú, wọ́n gbàgbé pé wọ́n bímọ mẹ́rin, wọ́n gbàgbé ojú mi. Ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé "mo." "Òùngbẹ ń gbẹ mí." "Mo fẹ́ lọ sílé." "Ẹ má fi mí sílẹ̀." Gbogbo ohun tá a fi ń mọ̀ wọ́n ni ara ti bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ, ẹni tó wọ aṣọ náà sì jókòó síbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé Utpaladeva ti sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ pé kò sí ọlọ́gbọ́n tó lè sẹ́ ẹni tó ń mọ̀ tó sì ń ṣe, kò sì sí ẹni tó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ẹni tó fẹ́ sẹ́ ẹ àti ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, òun náà ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ki wọ́n ní oríkì wọn, Àbẹ̀ní, bí ìyá wa ṣe máa ń kì wọ́n láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde lọ sọ́jà. Ohùn mi ò dún sókè. Oòrùn ń wọ̀, ìtànṣán rẹ̀ gba ojú fèrèsé wá sórí ìbora. Mo rí i tí wọ́n yí ojú wọn sí mi. Wọ́n wo ẹnu mi. Wọ́n wo ìlà ojú mi. Wọ́n na ọwọ́ tó ní abẹ́rẹ́ omi lára, wọ́n fọwọ́ kan ibi tí iná ti jó mi lápá nígbà tí mo wà ní kékeré, níbi tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi òróró pa á lọ́jọ́ náà.

"Àjíkẹ́. O ti wà níbí látàárọ̀?"

Mo ní mo ti wà níbí látàárọ̀.

"Kí ló dé tí o ò wí?"

Nínú Bíbélì tí mo fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún ọmọ onínàákúnàá nígbà tó ń bẹ nídìí ẹlẹ́dẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ wálẹ̀. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn sójú pátákó láìmọye ìgbà. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo tó rí ojú tó ń wálẹ̀. Ojú tuntun kọ́. Ojú àtijọ́ náà ni, ó padà wá bá ohun tó ti wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la tún fi wà ní Chennai kí wọ́n tó gbà wá láyè láti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbádùn, wọ́n ń bú mi pé mi ò mọ ata lò, mo sì ń dúpẹ́. Ọ̀dọ̀ Amma ni mo ti di akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n sọ fún mi nípa Shvetaketu inú Upanishad, ìwé mímọ́ àtijọ́ àwọn Híńdù. Ọmọ náà ni ẹni tí bàbá rẹ̀ rán lọ sílé ẹ̀kọ́ tó sì padà dé ní ẹni ọdún 24, lẹ́yìn ọdún méjìlá, tó gbéra ga pé òun ti mọ gbogbo nǹkan, tí bàbá rẹ̀ sì ní kó da iyọ̀ sínú omi. Lọ́jọ́ kejì kò rí iyọ̀ náà mọ́, ṣùgbọ́n ó tọ́ ọ wò láti òkè, ó tọ́ ọ wò láàárín, ó tọ́ ọ wò nísàlẹ̀. Iyọ̀ ni gbogbo ẹ̀. "Ìwọ ni ìyẹn," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ibì kan wà tí mo ti bá Amma jà. Wọ́n sọ pé àwọn kan nínú Vedanta fi ayé wé okùn tí èèyàn rí ní òkùnkùn tó rò pé ejò ni. Inú bí mi. Mo ní, "Amma, wọ́n la àyà ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí ojú ọgbẹ́ náà, mo ń nù ún. Ẹ má sọ fún mi pé okùn ni." Wọ́n gbà pé mo jàre láti bínú. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ọkàn tiwọn fi fà mọ́ àwọn ará Kashmir, ọkàn tèmi náà sì fà mọ́ wọn títí dòní. Àwọn wọ̀nyẹn ò ní ayé kì í ṣe òtítọ́. Wọ́n ní gbogbo ohun tó wà jẹ́ títàn ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, pé òmìnira ìmọ́lẹ̀ náà ló fi pa ara rẹ̀ mọ́, tó ń dibọ́n bí ẹni kékeré, òun náà ló sì ń tú ara rẹ̀ fó. Dígí pàápàá máa ń gba àwòrán, ṣùgbọ́n dígí kò mọ̀ pé òun gbà á. Ìmọ́lẹ̀ yìí mọ̀ pé òun ń tàn, ìyẹn ló fi yàtọ̀. Kshemaraja, akẹ́kọ̀ọ́ Abhinavagupta, ṣe àkópọ̀ gbogbo rẹ̀ sínú gbólóhùn 20 péré, nítorí àwọn tí kò lè ka ìwé ìjiyàn tó le. Iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ní Shiva ń ṣe: ó ń dá, ó ń gbé ró, ó ń ká a kúrò, ó ń fi pamọ́, ó ń ṣàánú. Kshemaraja sì ní èèyàn lásán náà ń ṣe márààrún láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo yíjú sí iwájú ilé, níbi tí ọnà ìyẹ̀fun àárọ̀ ti rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Wọ́n ní ohun mẹ́ta ló ń di èèyàn, èérí ni wọ́n ń pè é. Èyí tó wà nídìí gbogbo wọn ni ìrò pé mo kéré, mo ku díẹ̀ káàtó. Mi ò lè sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi. Mo ti gbààwẹ̀ lé e lórí, mo ti lọ òkè àdúrà mẹ́ta lé e lórí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ìrò yẹn fúnra rẹ̀ ni àìsàn.

Kí a tó padà, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ sinmi fún ọjọ́ méjì, pé ọmọbìnrin wọn tó dé láti Lọ́ńdọ́nù á dúró tì wọ́n. Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Koyambedu lọ sí Tiruvannamalai, bí wákàtí márùn-ún sí Chennai, níbi tí òkè Arunachala wà. Ibẹ̀ ni Ramana Maharshi, olùkọ́ nǹkan ẹ̀mí kan, gbé. Venkataraman lorúkọ àbísọ rẹ̀. Oṣù keje ọdún 1896, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 nílé àbúrò bàbá rẹ̀ ní Madurai, ẹ̀rù ikú bà á lójijì láìsàn láìrùn. Kò pe dókítà, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó dùbúlẹ̀, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ bí òkú, ó pa ẹnu dé, ó wá bi ara rẹ̀ pé: ó dára, ara yìí ti kú, wọ́n á gbé e lọ sun, ṣé èmi náà ti kú? Ó rí i pé "èmi" ṣì wà níbẹ̀, digbí. Ẹ̀rù náà kò padà wá mọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó mú rúpì mẹ́ta nínú rúpì márùn-ún tó jẹ́ owó ilé ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ìwé sílẹ̀ pé kí wọ́n má wá òun, ó sì dé ẹsẹ̀ òkè náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Kò kúrò níbẹ̀ títí tó fi kú ní 1950. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà láìsọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí 1902, ẹnì kan wá bi í pé, "Ta ni mí?" Orí iyanrìn ló fi ìka kọ èsì sí.

Mo jókòó sínú gbọ̀ngàn ibẹ̀. Àwọn ọ̀kín ń ké níta, ohùn wọn dà bí ohùn ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀. Mo ní kí n dán ọ̀nà Ramana wò. Ta ni mí? Tíṣà ni mí. Ta ló mọ̀ pé tíṣà ni ẹ́? Èmi ni. Opó ni mí. Ta ló mọ̀? Èmi ni. Mi ò bímọ. Ó dùn mí bí mo ṣe sọ ọ́, ó ń dùn mí lọ́jọ́ gbogbo. Ta ló ń gbọ́ ìrora yẹn? Èmi ni. Lójijì mo gbọ́ ohùn Bàbá nínú etí mi, bí ẹni pé láti inú yàrá: Ìwọ ta?

Mo la ẹnu láti dárúkọ, orúkọ ò wá. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Gbogbo orúkọ wà níwájú mi tò lọ bí bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ò sì sí nínú ọ̀kankan. Mi ò rí ìmọ́lẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn áńgẹ́lì. Ó kàn dákẹ́. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí ọkùnrin kan wá pè wá pé oúnjẹ ọ̀sán ti dé, mo dìde, mo lọ jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn èèyàn, wọ́n bu ìrẹsì sórí ewé níwájú mi, mo sì jẹun bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ọdún 2003.

Ó yẹ kí n sọ èyí tí mi ò gbà. Mi ò lè fi ẹnu mi sọ pé Shiva ni mí tàbí pé Ọlọ́run ni mí. Onítẹ̀bọmi ni mí, ibi tí mo dé nínú ọ̀rọ̀ yẹn nìyẹn, mo sì sọ ọ́ fún Amma. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní kí n má fipá gbé ohun tó bá wúwo jù mí lọ, pé ohun tí mo bá rí nínú gbọ̀ngàn yẹn ni kí n máa mú lọ sílé. Mo ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣì ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àdúrà mi ti yí padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi ń tọrọ nǹkan nísinsìnyí, ìyókù mo kàn ń jókòó.

Ní ìsìn àìsùn ọdún tuntun, a máa ń kọ orúkọ àwọn tá a fẹ́ kí Ọlọ́run rántí sínú ìwé kékeré. Lọ́dún yẹn mo kọ tán, mo kà á, mo wá rí i pé ó ku ẹnì kan. Mo kọ Àjíkẹ́ sí i. Mo mọ̀ pé orúkọ náà kọ́ ni ohun tí Amma ń wí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Amma kú ní ọdún 2019. Ọmọ wọn ló kọ̀wé sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè, wọ́n ń gbé yàrá tó kángun sí tèmi, oògùn alẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án, màá bu omi sínú ife, màá kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Mo máa ń gbọ́ bàtà wọn bó ṣe ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìdè ilẹ̀kùn á dún.